Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Alágbàtọ́ àti Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà Nípa Ọmọ tí Ọtí Pa Lára Nínú Oyún

Ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan tí mo ti lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, màmá tó ń bójú tó àwọn ọmọ pe ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún 9. Ó ní, "Lọ gbé korobá lẹ́yìn ilé, bu omi sí i dé ìdajì, gbé e fún Àǹtí ní ilé ìdáná, tí o bá ń bọ̀ kí o bá mi mú ìgbálẹ̀." Ọmọ náà ní, "Ó dáa, mà," ó sì sáré jáde. Nígbà tó pẹ́ tí a ò rí i, a wá a lọ. Ó jókòó ti korobá òfìfo, ó ń fi ìka kan yí etí korobá náà po. Màmá yíjú sí mi: "Ṣé ẹ rí i? Olóríkunkun ni. Ó gbọ́ mi, ó tiẹ̀ dá mi lóhùn." Lóòótọ́ ló gbọ́. Ohun tó gbọ́ ni kò lè dì mú.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó alágbàtọ́, màmá ilé ọmọ aláìlóbìí àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà jọ, kó lè kọ́ wọn nípa FASD, ìyẹn ìpalára tí ọtí tí ìyá mu nígbà oyún ń ṣe fún ọpọlọ àti ara ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ kò pọ̀: bí ọmọ bá kùnà iṣẹ́ tí a rán an, kí ẹni tó rán an kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé "ṣé agbára ọmọ yìí ká a báyìí?" kó tó bínú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan àwọn tí ẹ máa pè, ẹ sì pín ọjọ́ náà

Èèyàn 15 sí 20 ti tó. Bí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwàásù ni yóò dà. Ẹ pe màmá tó ń sùn ti àwọn ọmọ lóru, ẹ pe ìyá tó ń se oúnjẹ, ẹ pe bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, torí ọwọ́ gbogbo wọn ni ọmọ wà. Ọ̀gá ilé náà gbọ́dọ̀ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: àwọn màmá gba ẹ̀kọ́, wọ́n gbé pàṣán jù sílẹ̀, ọ̀gá tí kò sí níjokòó dé, ó ní wọ́n ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́, pàṣán sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ pín in sí òwúrọ̀ méjì, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí kálukú ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ọ́kọ, kó fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ sínú fóònù. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, bébà fífẹ̀, rédíò kan àti korobá kan ti tó fún ohun èlò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ lẹ́nu wọn

Kí ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé orúkọ wo ni wọ́n ń pe ọmọ tó ń dà wọ́n láàmú jù. Ẹ kọ ọ́ sí apá òsì pátákó bó ṣe ń jáde: olóríkunkun, ọ̀lẹ, òpùrọ́, afọwọ́rá, ọ̀dẹ̀, emèrè. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ wá padà sí òkè, kí ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Kí ni ọmọ náà ṣe gan-an tí ẹ fi pè é bẹ́ẹ̀?" Ẹ kọ ìdáhùn sí apá ọ̀tún.

Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń là. "Afọwọ́rá" di "ó mú pẹ́ńsù ọmọ ẹlòmíràn, ó sì jókòó níwájú ẹni tó ni ín, ó ń fi kọ̀wé." Obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnu rẹ̀ jáde dákẹ́, ó ní, "Àmọ́ olè a máa fi í pa mọ́, àbí?" Ẹ jẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sáré dáhùn rẹ̀.

Ẹnì kan yóò mú ọ̀rọ̀ emèrè tàbí ti ẹ̀mí àìrí wá. Ẹ má bá a jiyàn nípa ẹ̀sìn. Kí ẹni tó ń gbàdúrà fún ọmọ máa gbàdúrà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kó dá wọn lójú pé a kì í febi pa ọmọ, a kì í dè é, a kì í nà án ní orúkọ pé a ń lé nǹkan jáde lára rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 kò fàyè gbà á pé kí a hùwà ìkà tàbí ìtàbùkù sí ọmọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣàlàyé ohun tí ọtí ń ṣe

Ẹ ya ìyá, ibi-ọmọ àti ìwọ́ sára pátákó. Ọtí kì í dúró sínú ikùn ìyá. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e dé ibi-ọmọ, ó sì ń gba inú ìwọ́ kọjá sára ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ìyá lè máa lọ ọtí náà tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún kò tíì lágbára yẹn. Ọpọlọ ń dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀, nítorí náà kò sí oṣù kan tí a lè ní ọtí kò lè pa á lára. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ báyìí kò ní oògùn tí yóò tún un ṣe. Títí ayé ni. Àmọ́ bí a bá ṣètò àyíká rẹ̀ dáadáa, ọmọ náà lè ṣe dáadáa níbẹ̀.

Wọn yóò béèrè bí a ṣe ń dá a mọ̀ lójú. Àwọn ọmọ kan wà tí ojú tí wọ́n fi ń ríran kúrú láti igun kan dé èkejì, tí ètè òkè wọn tín-ín-rín, tí kòtò tó wà láàárín imú àti ètè sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré níbẹ̀rẹ̀ oyún ni ojú ọmọ fi ń gba ìrísí yẹn, ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ní FASD kò fi ní àmì kankan lójú. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ètè wa kò rí bíi ti òyìnbó. Yunifásítì Washington tó ṣe àwòrán tí dókítà fi ń wọn ètè àti kòtò imú ní láti ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún aláwọ̀ funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sí yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó máa wo ojú ọmọ kó ní òun ti mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá fẹ́ ìtàn, ẹ má jẹ́ kó gùn. Lọ́dún 1968, dókítà Paul Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Nantes ní Faransé kọ̀wé nípa ọmọ 127 tí òbí wọn ń mutí. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ayé kò sì kà á sí. Lọ́dún 1973 ni Kenneth Jones àti David Smith ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, fún àìsàn náà lórúkọ. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Western Cape ní South Africa ni a ti mọ̀ ọ́n jù, níbi tí àwọn olóko àjàrà ti máa ń fi wáìnì san lára owó òṣìṣẹ́ láyé àtijọ́, fún ìran dé ìran. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2017 pé nǹkan bí ọmọ 8 nínú 1,000 lágbàáyé ló ní FASD. Láàárín àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba àti ilé aláìlóbìí, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye kejì yìí ni kí ẹ tẹnu mọ́, torí àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ń kọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dárúkọ ọtí tí a ń mu níhìn-ín

Bí ẹ bá bi obìnrin pé "ṣé ẹ máa ń mutí?", yóò ní rárá, kò sì parọ́. Lójú tirẹ̀, ohun tí àwọn ọkùnrin ń jókòó mu lálẹ́ ni ọtí. Agbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró kì í ṣe ọtí, oògùn ni. Páragà tó mu ní gárééjì láàárọ̀ kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún, oògùn ni. Ẹmu wà fún omi ọyàn. Stout wà fún ẹ̀jẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ inú oyún ń bá a mu.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wọn lórí pátákó, torí ọ̀pọ̀ ni kò gbà pé ọ̀rá kékeré lè ṣe nǹkan. Ọ̀rá 30ml tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ní ògidì ọtí 12ml. Ìgò bíà ńlá 60cl tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní 30ml. Ọ̀rá mẹ́ta, tó jẹ́ 36ml, ti ju odidi ìgò bíà ńlá kan lọ. Lọ́dún 2016, àwọn olórí dókítà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí aláboyún má mu ún rárá, torí kò sí ìwọ̀n tí a mọ̀ pé kò léwu. Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1981.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbí. Nínú àwọn obìnrin tó jókòó síwájú yín, ẹnì kan wà tó ń ronú nípa oyún tirẹ̀, nípa agbo tí ìyá ọkọ gbé fún un mu. Ẹ óò rí i: yóò dákẹ́, yóò máa fi ọwọ́ yí etí ìró rẹ̀, kò ní gbójú sókè mọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè fún gbogbo wọn pé ìyá kankan kò jókòó kó ní òun fẹ́ ba ọmọ òun jẹ́, pé ọ̀pọ̀ ló mu ún kó tó mọ̀ pé òun lóyún, pé ẹlòmíràn ni a fi lọ̀ ọ́, a ní kó mu ún. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó kí ẹni tó bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nìkan lè wá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bí a ṣe ń béèrè

Ìbéèrè tí a kò bi lọ́jọ́ tí ọmọ wọlé, a lè má rí ẹni tí a ó bi í mọ́ láéláé. Kí òṣìṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá, ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kí wọ́n fi í dánra wò ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe ìyá, kí èkejì ṣe òṣìṣẹ́. Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n béèrè rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú ìnira, mà. Kì í ṣe ẹjọ́ la wá dá o, ọ̀nà tí a ó fi tọ́jú ọmọ yìí la ń wá. Kí ẹ tó mọ̀ pé oyún rẹ̀ ti wà, kí lẹ máa ń mu nígbà náà? Ẹ lo agbo? Omi ni wọ́n fi sè é ni, àbí ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́? Lẹ́yìn tí ẹ wá mọ̀ ńkọ́?"

"Kí ẹ tó mọ̀" ni kí ó kọ́kọ́ jáde, torí kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀, ọkàn ìyá á sì rọ̀ láti sọ ìyókù. Kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an: irú ohun tí ó mu, ìgbà wo, ẹ̀ẹ̀melòó. Kó má kọ "ọ̀mùtí ni ìyá rẹ̀." Ọmọ náà lè ka fáìlì yẹn lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó kọ́ wọn ní bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀

Òwúrọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ fún wọn ní bébà. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ tí wọn kì í fi kọ̀wé kọ orúkọ ìlú wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí wọ́n sì fo gbogbo "a". Ẹ tan rédíò sókè. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ẹ yí òfin padà: "Mo ní 'e' ni kí ẹ fo! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ yára!" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa rédíò, ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lára. Ẹnì kan á ní orí ń fọ́ òun. Ẹnì kan á ti kọ́wọ́ jọ, kò ní ṣe mọ́. Ẹ ní: "Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe mọ́ yìí, ṣé olóríkunkun ni yín?"

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé korobá jáde. Ẹ fi hàn wọ́n bí iṣẹ́ ọmọ ọdún 9 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe yẹ kó rí. "Lọ gbé korobá wá." Ó gbé e dé. "O ṣeun. Bu omi sí i dé orí ilà yìí." Ilà tí a fi ọ̀dà pupa fà sínú korobá ni, torí "ìdajì" kò hàn sí i, ilà hàn. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó parí kí a tó sọ òmíràn. Kí gbogbo ilé sì máa fi ọ̀rọ̀ kan náà pe nǹkan kan náà. Bí màmá òwúrọ̀ bá ní "lọ wẹ̀", tí ti alẹ́ ní "lọ fi omi sára", tí àǹtí ní "lọ tún ara ṣe", iṣẹ́ mẹ́ta ni létí ọmọ yìí. Ẹ ní kí wọ́n ya ètò òwúrọ̀ ní àwòrán, wíwẹ̀, aṣọ, oúnjẹ, báàgì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú ọmọ mọ. Bí ètò bá fẹ́ yí padà, kí wọ́n ti sọ fún un láti àná, kí wọ́n tún un sọ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn èyí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. A kì í sọ̀rọ̀ tán. Òwe la fi ń bá ọmọ wí, ojú la sì fi ń kọ́ ọ. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ tó ní FASD pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ó lè gbójú sókè kó wo ilé. Ti ojú ló tún burú jù. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: a lọ kí wọn níbì kan, wọ́n gbé ẹran síwájú ọmọ, ọmọ yíjú wo ìyá rẹ̀, ìyá sọ ojú sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọmọ ti gbọ́. "Ẹ ṣé, mà, mo ti yó." Ọmọ tí ọtí pa ọpọlọ rẹ̀ lára kò lè ka ojú yẹn. Ó rí ojú, kò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Yóò jẹ ẹran náà, inú rẹ̀ á dùn, yóò dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n bá délé, wọn á nà án nítorí òfin tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ fún un rí.

Nítorí náà, kí wọ́n sọ ọ́ jáde kí wọ́n tó kúrò nílé: "Bí wọ́n bá fún ẹ ní oúnjẹ, sọ pé 'ẹ ṣé', kí o gbé e wá fún mi." Kí ọmọ tún un sọ. Kí wọ́n fi dánra wò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àwo òfìfo. Tí wọ́n bá débẹ̀, kí màmá jókòó tì í, kó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Mo ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí òun ni àwọn màmá kì í gbàgbé.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ọmọ yìí lè lẹ́nu ọ̀rọ̀ gan-an, kó máa sọ̀rọ̀ bí àgbà, kí òye rẹ̀ má sì tó ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó lè mọ nǹkan lánàá, kó gbàgbé rẹ̀ lónìí, kó tún rántí lọ́túnla. Ọmọ ọdún 16 lè máa hùwà bí ọmọ ọdún 8. Bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ ọdún 8 ni kí a ṣọ́ ọ. Kí wọ́n sì wá ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìlù, ewúrẹ́ sísìn, ewébẹ̀ gbígbìn, irun dídì, kí wọ́n fún un ṣe lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Irọ́, olè àti pàṣán

Bí a bá bi ọmọ pé "kí ló dé tí o fi ṣe é?", ọpọlọ rẹ̀ lè má rántí rẹ̀ tán. Ó ń fẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn, yóò fi ohun tó bá wá sí i lọ́kàn dí ibi tó ṣófo. Ó gbà á gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Kí alágbàtọ́ fi "kí ló dé" sílẹ̀, kó ní, "Mo rí i pé ife ti fọ́. Wá, jẹ́ ká jọ gbá a." Ní ti olè, "tèmi" àti "tìrẹ" kò ṣeé fojú rí. Kí wọ́n fi àmì aláwọ̀ kan náà sí gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kí àwọn àgbà má sì fi owó sílẹ̀ lójú tábìlì.

Pàṣán: ẹ ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́, ẹ má kàn ní kò dára. Ẹgba máa ń kọ́ ọmọ tó lè so ìrora òní mọ́ ohun tó ṣe lánàá. Ọmọ yìí kò lè so ó. Ó mọ̀ pé ó dun òun, ó sì mọ ẹni tó na òun, ó parí síbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ óò fi rí i pé wọ́n nà án lórí ohun kan náà nígbà ogún.

Ìgbésẹ̀ 8: Èyí tó jẹ́ ti wẹ́fíà nìkan

Ẹ má máa gbé ọmọ yìí kiri. Lọ́dún 1996, Ann Streissguth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 415 jáde. Ohun tó dáàbò bo àwọn tó ṣe dáadáa ni ilé tó fìdí múlẹ̀, àìrí ìwà ipá, àti pé a ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó pé ọdún 6. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé mìíràn, ẹ kó àwòrán ara ògiri rẹ̀ dání, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un sílẹ̀ fún alágbàtọ́ tuntun.

Bí ọlọ́pàá bá mú un, ẹ tètè débẹ̀. Yóò ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí ohun gbogbo kí wọ́n lè jẹ́ kó máa lọ sílé. Òfin ọdún 2003 yẹn fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ilé ìwòsàn

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi hàn pé ọmọ ní FASD. Dókítà ọmọdé àti onímọ̀ ìlera ọpọlọ ni yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ni kí ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú ọmọ wò. Ibà tó wọ ọpọlọ, ibà pọ́njú ọmọ tuntun, àti kí ọmọ má tètè ké nígbà ìbí, gbogbo wọn lè fi irú àmì kan náà sílẹ̀. Kí alágbàtọ́ má dúró de ìwé dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ o. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan àti àwòrán ara ògiri kò lè pa ọmọ kankan lára.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ padà lọ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè ìdánwò. Ẹ wo inú korobá bóyá ilà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí màmá òwúrọ̀ àti ti alẹ́ fi ń ní kí ọmọ lọ wẹ̀. Ẹ bi màmá tó ń sùn tì wọ́n lóru pé ìgbà wo ló sinmi gbẹ̀yìn, kí ẹ sì bá ọ̀gá sọ ọ́ lójú rẹ̀ kí wọ́n lè fún un ní ọjọ́ ìsinmi, torí ẹni tí kò sùn kò lè ní sùúrù. Bí àwòrán bá ti já lára ògiri, ẹ bá wọn lẹ̀ ẹ́ padà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.